Ìṣẹ́jú Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n: Àkọsílẹ̀ Ọ̀rọ̀ Dáre àti Fúnmi

Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ni mò ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjùmú, ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí. Àkókò kajú ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí owó máa ń wà nílé díẹ̀, tí àwọn oníṣòwò ń gbé òṣùwọ̀n káàkiri abúlé. Ọmọkùnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó wà ní SS3, WAEC sì ti sún mọ́lé. Ọmọbìnrin náà jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó wà ní SS2. Dáre àti Fúnmi ni mo máa pè wọ́n. Kì í ṣe orúkọ wọn, mo sì ti yí nǹkan mìíràn padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Àwọn àti òbí wọn mọ̀ pé mò ń kọ ọ́.

Dáre kì í ṣe ìpáǹle. Ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ, àwọn òbí rẹ̀ wà ní Èkó. Òun ló ń pọn omi ilé, òun ló ń kó kajú wálé láti oko, kò sì sí olùkọ́ tó mú ẹjọ́ rẹ̀ wá bá mi rí. Fúnmi ni ọmọ kejì bàbá kan tó ń ta páànù àti ìṣó. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó fẹ́ràn ìmọ̀ kẹ́mísírì. Wọ́n ti ń fẹ́ra wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ. Gbogbo kíláàsì mọ̀, bàbá Fúnmi ló mọ̀ gbẹ̀yìn.

Òru ọjọ́ Ẹtì

Fúnmi wà ní yàrá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan nígbà tó gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìlọrin sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá ní lọ́jọ́ Àìkú òun máa gbé ọmọ náà wá, kó wá parí ìwé rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Àwọn ọmọ náà gbé fóònù wọn fún mi wò lẹ́yìn náà, nítorí náà aago tí mo ń kọ síbí, bó ṣe wà lójú fóònù ni. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 41 ni Fúnmi fi ohùn ránṣẹ́ sí Dáre lórí WhatsApp. Ẹkún ló pọ̀ jù níbẹ̀. Dáre kò dá a lóhùn. Inú gúrúùpù kan tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta wà ló sáré lọ: "Wọ́n fẹ́ gbé e lọ o." Ọ̀kan ní, "O sì máa la ojú ẹ sílẹ̀ máa wò wọ́n?" Èkejì fi àwòrán ọkùnrin kan tó na igẹ̀ sókè ránṣẹ́, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, tí mo mọ̀ dájú pé kò tíì dé ibi tó kọjá Òkènè rí, sọ pé ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní Àbújá, ó máa gbà wọ́n sílé, kò sí wàhálà. Dáre tún lọ gbọ́ ohùn Fúnmi lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje, ó ti kọ̀wé sí i: "Múra. Aago mẹ́rin ààbọ̀. Ìdí máńgòrò." Fúnmi dáhùn pé, "Ó dáa."

Ìṣẹ́jú 26 péré. Láàárín ìgbà tí ẹkún dé àti ìgbà tí wọ́n ti pinnu láti fi ilé, WAEC àti gbogbo ẹbí sílẹ̀, ìrẹsì kò tíì jinná lórí iná.

Màmá àgbà ti ta kajú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Inú agolo kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló dì í sí, ó fi àkísà àǹkárá wé e, owó tó ń kó jọ kí Dáre fúnra rẹ̀ lè wọ yunifásítì ni. Dáre kó gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, mo ní kí wọ́n tú báàgì wọn lójú mi. Nínú ti Dáre ni bàtà bọ́ọ̀lù, rédíò kékeré aláìlókùn tó ń kọrin láti ara fóònù, ìdajì búrẹ́dì, àti ṣẹ́ẹ̀tì kan. Kò sí ṣájà. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Nínú ti Fúnmi ni aṣọ méjì, Bíbélì, ìwé kẹ́mísírì, àti ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún olùkọ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi àṣetiléwá ṣe ní Àbújá. Ó wo ìwé náà títí, kò rí èsì.

Wọ́n gun ọ̀kadà dé Kabba kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ ń lọ sí Lọ́kọ́jà gba ọ̀nà Ọbájànà, lẹ́yìn àwọn àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ǹtì. Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì ní Lọ́kọ́jà, fóònù Dáre ti kú. Wọ́n sanwó kí wọ́n tó bá a ṣe é ní ṣáájì, wọ́n pe nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n Àbújá, kò wọlé. Wọ́n pè é títí. Wọ́n jẹ ìrẹsì. Nígbà náà ni awakọ̀ kan ní kí wọ́n wá san owó Àbújá kó tó kún. Fúnmi sọ fún mi pé: "Àǹtí, ìgbà tó ní ká sanwó yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé alẹ́ máa lẹ́, a sì máa sùn síbì kan."

Òun ló dìde lọ bá obìnrin kan tó ń ṣe POS lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ó kúnlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi pe mọ́mì mi." Obìnrin yẹn pè é, ó fún wọn ní àga, ó ra omi fún wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun títí àbúrò bàbá Dáre fi dé. Mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣàdúrà fún un.

Kí ni ilé ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn? Lágbègbè wa lónìí, bí ọmọ méjì bá ṣàwátì ní òwúrọ̀, ìfẹ́ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ síni lọ́kàn. Ajínigbé ni. Kí aago mẹ́jọ tó lù, fijilanté àti àwọn ọdẹ ti wọ igbó, ẹnikẹ́ni kò lọ sóko kajú, wọ́n ti ní kí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ìyá Fúnmi dákú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó mọ̀ dákẹ́ títí di ìyálẹ̀ta nítorí ìbẹ̀rù, títí ìyá ọ̀kan nínú wọn fi rí i pé ọmọ òun kò lè jẹun. Nígbà tí mo sọ èyí fún Dáre, ẹnu yà á ní tòótọ́. Kò ro ibẹ̀ rí. Ó rò pé wọ́n kàn máa bínú ni.

Ọjọ́ Ajé, ní ọ́fíìsì mi

Gbogbo wọn wá. Bàbá Fúnmi kọ̀, kò jókòó. "Màdáámù, olè ni, ajínigbé sì ni. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ yìí ń lọ." Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà ẹ ṣe bó ṣe wù yín." Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àwọn méjèèjì sì ni òfin yẹn ń bá wí. Mo rán an létí èyí. Kò dùn mọ́ ọn.

Mo yíjú sí Dáre, mo bi í léèrè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan: "Ká ní ọ̀rẹ́ ẹ kan ló wá bá ẹ, tó ní wọ́n fẹ́ gbé ọ̀rẹ́bìnrin òun lọ sí Ìlọrin. Kí lo máa sọ fún un?"

Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní òun á sọ fún un pé kó fara balẹ̀, pé Ìlọrin kì í ṣe òkè òkun, pé fóònù wà, pé kó wá àgbà kan tí bàbá ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún kó bá a bẹ̀ ẹ́, pé kó kọ́kọ́ ṣe WAEC rẹ̀. Gbogbo ohun tí èmi ìbá sọ pátá ló kà sílẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ sọ ọ́ jù mí lọ.

Àbúrò bàbá rẹ̀ fò dìde. "Ẹ ò rí i! Ó mọ̀ ọ́n! Ìwà ìkà ni, kì í ṣe àìmọ̀!"

Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo wọn dé, nítorí ìdájọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe, tí ọ̀rọ̀ á sì wọ́. Wọ́n á ní bí ọmọ bá mọ̀ tí kò ṣe é, ìwà burúkú ni. Bí kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Nítorí náà wọ́n á nà án tàbí kí wọ́n wàásù fún un. Dáre kò nílò ìwàásù, ó ti mọ ìwàásù náà sórí. Ohun tó mọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lórí àga mi ni kò rí lò ní aago mọ́kànlá òru tí ẹkún wà létí rẹ̀, tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta sì ń wò ó.

Ohun tí àwọn tó ń wo inú ọpọlọ rí

Mo sọ èyí fún wọn ní kúkúrú. Màá fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ síbí.

Lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, Grace Icenogle, Laurence Steinberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ṣe ní orílẹ̀-èdè 11, Kẹ́ńyà wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé nínú ìrònú tí èèyàn fara balẹ̀ ṣe, ọmọ nǹkan bí ọdún 16 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àgbà. Ṣùgbọ́n ní ti kíkó ara ẹni níjàánu nígbà tí ara bá gbóná tàbí tí ojú ẹgbẹ́ bá wà níbẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún 18 dáadáa kí wọ́n tó bá àgbà. Nítorí náà, ọmọ kan náà lè jẹ́ àgbà lọ́sàn-án kó sì jẹ́ ọmọdé lóru. Kì í ṣe pé ó ń ṣe àgàbàgebè.

Apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn eegun iwájú orí, ló ń bá wa wo ẹ̀yìn ọ̀la tó sì ń sọ fún wa pé ká dúró ná. Lọ́dún 1999, Jay Giedd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà sọ ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọmọ kan náà léraléra bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ara ọpọlọ tó wà níwájú yẹn ń pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọdún 11 sí 12, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Àwọn okùn tí kò rí lò ni ọpọlọ ń gé kúrò, èyí tó ń lò ni ó ń fi ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní myelin wé, kí ìròyìn lè máa yára kọjá nínú wọn. Iṣẹ́ yẹn kì í tán kó tó kọjá ogún ọdún. Ṣùgbọ́n apá tó wà nísàlẹ̀, tó ń ṣe ti ìfẹ́, ìbẹ̀rù àti adùn, ti jí gìrì látìgbà ìbàlágà. Ó ti ń pariwo, ọ̀nà tí iwájú máa gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì ní ọ̀dà. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà abúlé wa nígbà òjò mọ bí ìránṣẹ́ ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọdún 25 ni ọpọlọ ń gbó tán. Kò sí ọjọ́ ìbí kan tó ń yí èèyàn padà mọ́júmọ́. Mo mọ ẹni ogójì ọdún tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí obìnrin.

Lọ́dún 2005, Arthur Aron, Helen Fisher àti Lucy Brown gbé èèyàn 17 tí ìfẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pa bí ọtí sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi fọ́tò olólùfẹ́ wọn hàn wọ́n. Ibi tó ṣiṣẹ́ jù ni ibì kan nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣe dopamine, èròjà tó ń lé èèyàn lọ síbi ohun tó ń wá. Kì í ṣe ọmọ Ìjùmú ni wọ́n, wọ́n sì dàgbà díẹ̀ ju Fúnmi lọ, ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́ láti sọ fún bàbá rẹ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé ló ń ṣe ọmọ rẹ̀. Bí ẹni tí ebi ń pa ló ṣe rí lára wọn. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta yẹn ló kù. Lọ́dún 2005 kan náà, Margo Gardner àti Steinberg ní kí àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn àgbà ṣe eré ìwakọ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn dá ṣe é, ẹlòmíràn ṣe é lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú ẹgbẹ́ mú kí àwọn ọmọ náà fi ara wewu ju bí wọ́n ṣe ṣe nígbà tí wọ́n dá wà lọ gidigidi, ṣùgbọ́n ti àwọn àgbà kò yí padà. Ká sòótọ́, bí mo ṣe ń wo gúrúùpù Dáre, ó dá mi lójú pé bí kò bá sí àwòrán ọkùnrin tó na igẹ̀ yẹn, ó ṣeé ṣe kó sun ẹkún mọ́jú, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ wá fi òru kún un: láti ìgbà ìbàlágà ni èròjà tó ń mú oorun wá ti máa ń pẹ́ jáde nínú ara ọmọ. Aago mọ́kànlá tí àwa òbí ti ń hanrun, ojú tiwọn mọ́ kedere.

Ohun tí Màmá àgbà sọ

Nígbà tí mo sọ gbogbo èyí tán, Màmá àgbà, tí kò tíì la ẹnu láti àárọ̀, sọ̀rọ̀. "Tísà, mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lèmi nígbà tí mo wọlé ọkọ. Ṣé ọpọlọ tiwa ti gbó nígbà yẹn ni?"

Ìbéèrè tó dára jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Mo ní kó sọ bí ó ṣe wọlé ọkọ fún wa. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkùnrin náà rí òun ní ọjà, kò bá òun sọ̀rọ̀, alárinà ló rán. Alárinà wá, ó lọ, ó tún wá. Ìyá òun ní òun ń bọ̀. Wọ́n lọ wádìí ilé wọn bóyá àrùn tàbí ìjà wà níbẹ̀. Ọkọ àfẹ́sọ́nà kó èèyàn jọ wá ṣe iṣẹ́ oko fún bàbá òun. Ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òjò dé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. "Nígbà míràn mo máa ń bínú," ó ní, "mo fẹ́ kó yá. Wọn ò dá mi lóhùn."

Mo ní, "Màmá, ẹ ti dáhùn." Ọpọlọ wọn kò gbó ju ti Dáre lọ. Ṣùgbọ́n ìpinnu náà kò sí lọ́wọ́ ọmọ méjì lóru. Ẹsẹ̀ alárinà, ahọ́n ìyá, oko bàbá, oṣù tó ń lọ, gbogbo ìyẹn ló dúró láàárín ohun tí ara ọmọ ń fẹ́ àti ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe. A ti mú gbogbo wọn kúrò, a wá gbé fóònù síbẹ̀. Èmi kò ní ká dá ayé àtijọ́ padà o. Àwọn ọmọbìnrin míì jìyà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Ìdádúró yẹn nìkan ni mo fẹ́ yá lò.

Ohun tí a ṣe

Bàbá Fúnmi gbà pé kí ọmọ parí ọdún ìwé yẹn kí ọ̀rọ̀ Ìlọrin tó tún wáyé. Ó gbà á pẹ̀lú ojú líle. Fóònù àwọn méjèèjì á máa sùn ní yàrá àgbà láti aago mẹ́sàn-án. Wọ́n lè rí ara wọn, ní gbangba, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, níwájú ilé. Èyí ló bí bàbá nínú jù. Ó ní ṣe ni mo ń fi òróró síná. Mo ní bó bá dè wọ́n mọ́lẹ̀, òkùnkùn ni wọ́n máa lọ.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì máa yan àgbà kan. Ohunkóhun tó bá kan àwọn méjèèjì, kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún àgbà yẹn lójúkojú, wọ́n á sì sun oorun alẹ́ kan lé e. Fúnmi yan àbúrò ìyá rẹ̀. Dáre yà wá lẹ́nu: ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ ló yàn, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun kì í gbọ́ kó pariwo.

Owó ńkọ́? Àbúrò bàbá rẹ̀ pa òwe pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ó ní kí wọ́n forí jì í nítorí ọpọlọ tí mo sọ. Èmi ni mo kọ̀. Ọpọlọ tó ń kọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́, ohun tó bá ṣe léraléra ló ń mú lò. Dáre máa ń jí lọ ṣa kajú fún àwọn olóko míì ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé títí àkókò rẹ̀ fi kọjá, ó ń kó owó náà lé Màmá lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ná kò pọ̀ rárá, èyí tó kù ti padà sínú agolo, ṣùgbọ́n ó san án.

Ìgbà kan ṣoṣo ni àdéhùn náà gbóná. Ẹnì kan sọ fún Dáre nírọ̀lẹ́ pé wọ́n rí Fúnmi lẹ́yìn ọ̀kadà ọmọkùnrin mìíràn. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló dé ilé àbúrò bàbá rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ní òun ń lọ bá a nílé wọn báyìí. Ìyàwó náà wà ní ìdáná, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ní, "O ti jẹun?" Ó ní òun kò jẹ. Ó gbé àga kékeré fún un, ó da ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, ó ní kó bá òun bó o, kó máa sọ ọ́ bó ṣe ń bó o. Dáre sọ ọ́ títí, ó bínú, ó sunkún díẹ̀. Obìnrin náà ń dáhùn pé "ẹn-ẹ́n." Nígbà tí ẹ̀gúsí tán, oorun ti ń kùn ún, ó sùn sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fúnmi ló wà lórí ọ̀kadà yẹn.

Dáre ṣe WAEC rẹ̀. Ní ìgbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa, Fúnmi fúnra rẹ̀ ló sọ fún un, ní ọ̀sán gangan, níwájú ilé, pé òun kò fẹ́ mọ́, òun fẹ́ kàwé. Ó ti sọ fún àbúrò ìyá rẹ̀ ṣáájú, ó sì ti sùn lé e. Dáre dùbúlẹ̀ bí ọjọ́ mẹ́ta, kò fẹ́ jẹun, lẹ́yìn náà ó lọ gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin kò tún wáyé mọ́. Bàbá Fúnmi wá bá mi lóṣù tó kọjá nítorí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, tó ń bẹ̀bẹ̀ fún fóònù. Mo ní kó rà á fún un, kí fóònù sì máa sùn ní yàrá bàbá. Ó bi mí bóyá òun náà gbọ́dọ̀ máa gbé tòun síta lálẹ́. Mo ní kó lọ bi ìyàwó rẹ̀.